Ọdún Mẹ́ta Tí Mo Fi Ń Gbé Páálí Òfìfo Lọ Ra Oògùn

Ọlọ́hun tóbi! Ẹ̀yin Àlàájì, ẹ̀yin Àlàájà, ẹ bá mi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ìyàwó mi ń mí. Ó jókòó láàárín àwọn obìnrin lọ́hùn-ún. Alihamudulilahi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyàwó mi, ìyá Rukayatu: àádọ́wàá lórí àádọ́fà. A ò ní ìkámà, ẹ̀yin náà mọ wàhálà ìwé ìgbélùú, nítorí náà a ò dé ọ̀dọ̀ dókítà ìjọba. Àlàájà kan tó wá ṣe háájì, tí àìsàn kan náà ń bá fínra, ló fi ìyókù oògùn rẹ̀ sílẹ̀ fún un nígbà tó ń padà sílé. Nígbà tó tán, mo ṣe ohun tí gbogbo wa ń ṣe ní àdúgbò wa ní Nuzlah. Mo mú páálí òfìfo lọ sí ilé oògùn, mo nà án sí wọn, mo ní, "Irú eléyìí." Wọ́n fún mi nírú eléyìí. Ọgbọ̀n hóró, ríyàl méjìdínlọ́gọ́ta.

Ara ọkọ̀ tó tẹ̀ wọnú ni mo ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Mahjar. Oṣù míì ọ̀gá á san, oṣù míì kò ní san. Ìyá Rukayatu bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn lọ́jọ́ kan, á fi ọjọ́ kejì sílẹ̀. Mo rí i. Mo ní, "O ò lo tòní."

Ó ní, "Mo lò ó lánàá. Àbí ẹ fẹ́ kí n máa jẹ owó ilé bí ẹní jẹ ẹ̀pà ni, Bàbá Rukayatu?"

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí títí dòní.

Lọ́jọ́ kan, ó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Utaybiyah, ní Mọ́kà. Wọ́n ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́ ni awo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí mo fi máa dé ọsibítù, kò lè pe orúkọ mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbàdúrà títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi. Mo rò ó pé bóyá Ọlọ́hun kì í gbọ́ ti ẹni tí kò níwèé. Kó foríjì mí.

Dókítà jáde, obìnrin ni; ó ní rọpárọsẹ̀ ni. Rukayatu ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí a bí síbí, ló ń túmọ̀.

"Ó ní kí ló dé tí màámi ò lo oògùn lójoojúmọ́."

"Sọ fún un pé ó wọ́n."

Mo yọ páálí náà lápò. Dókítà fi ìka tẹ orúkọ kékeré kan lábẹ́ orúkọ ńlá. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́.

"Bàbá, ó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ lẹ ń rà. Èyí tó kéré yìí lorúkọ oògùn fúnra rẹ̀, amlodipine, mílígíráàmù márùn-ún. Òun ni wọ́n ń kọ fún aláìsàn níbí. Ilé-iṣẹ́ ibí náà ń ṣe é, agbára kan náà ni, kò tó ìdajì owó yẹn."

Rukayatu wá fi Lárúbáwá díẹ̀ tí mo gbọ́ bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi páálí yẹn han òun, òun tí òun lè kà á.

Mo lọ wò ó nílé oògùn. Orí pẹpẹ kan náà ló wà, ríyàl mọ́kàndínlógún.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ara páálí: orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, ìgbà tí yóò bàjẹ́. Ìyá Rukayatu ń lo tirẹ̀ lẹ́yìn àsùbá, kì í fo ọjọ́ kan. Ní Jímọ̀ tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà ní àádóje lórí ọgọ́rin. Ọpẹ́ ni! Ṣùgbọ́n dókítà ní ọwọ́ ọ̀tún lè má ṣiṣẹ́ mọ́. Mi ò ní purọ́ fún yín ní ìjókòó àdúrà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi hóró kan lo ọjọ́ méjì, ẹ má ṣe é mọ́. Ẹ má gba ìyókù oògùn ẹlòmíì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín ka orúkọ kékeré yẹn fún yín, kí ẹ sì béèrè èyí tí kò wọ́n. Ẹ má sọ̀rètí nù. Ọlọ́hun gbọ́ tèmi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Tí a bá ṣàdúrà tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yára ṣe àmín. Ìyàwó mi kò tíì lè sọ ọ́ kíákíá. Ẹ dúró dè é.