Orúkọ Àǹtí Mi Nínú Pláànù Bàbá Wa

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó ti sú mi í dá rò. Àǹtí mi kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bí a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á kí àwọn ọmọ mi, wọ́n á fọwọ́ pa wọ́n lórí, wọ́n á sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni tó gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá. Níbẹ̀rẹ̀, mo máa ń sunkún. Ní báyìí, n kì í sunkún mọ́. Mo ń jẹun, mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń dáhùn bí ẹnikẹ́ni bá pè mí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń dùn mí, kò sì sí èyí tó ń dùn mọ́ mi. Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?

Ọbàkan ni èmi àti Àǹtí. Ìyá wọn ni ìyàwó àkọ́kọ́. Tèmi ni ìkejì, ìyá mi sì kú nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọ ọwọ́. Àǹtí ló tọ́ mi. Iṣẹ́ aṣọ rírán tí wọ́n ń ṣe ní Òkè-Àdó ni wọ́n fi rán mi lọ sí Pólì, tí mo fi kọ́ bí a ṣe ń ya pláànù ilé. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo máa rẹ́ jẹ?

Nígbà tí bàbá wa ra ilẹ̀ sí Challenge, wọ́n ní èmi ni kí n ya pláànù rẹ̀, nítorí ọ́fíìsì àwọn ayàwòrán ilé kan ní Bódìjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú ibi tó jẹ́ tirẹ̀, kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn àwọn. Ti Àǹtí ni ṣọ́ọ̀bù ńlá tó kọjú sí títì, kí wọ́n lè kó ẹ̀rọ ìránṣọ wọn síbẹ̀. Tèmi ni èyí tó há, lápá kejì, lẹ́bàá gọ́tà. Inú mi dùn sí i. Kí ni èmi òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù ṣe?

Kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ́fíìsì wa nígbà náà. Yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù la gbé e sí, a sì máa ń bọ́ bàtà kí a tó wọlé tọ̀ ọ́. Orí rẹ̀ ni mo ya ilé náà sí. Nígbà tó yá, bàbá ní àwọn fẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù ńlá kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún. Ká ní orí bébà ni, ǹ bá tún gbogbo rẹ̀ yà, ǹ bá sì tún orúkọ kọ. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè yí odindi ilé padà kí ọ̀tún di òsì. Mo mú àwọn ìlà, mo ní kí wọ́n yí, wọ́n sì yí. N kò mú àwọn orúkọ tí mo kọ mọ́ wọn, nítorí bí a bá yí ọ̀rọ̀, ńṣe ló máa ń rí bí ìwé tí a kà nínú jígí. Ẹ̀rọ náà tún falẹ̀ púpọ̀, a sì máa ń ní kó fi àpótí kékeré òfìfo hàn wá dípò ọ̀rọ̀, kí iṣẹ́ lè yá. Mo rí àpótí kan nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá, mo rí òmíràn nínú kékeré, mo gbà pé ó ti dára. Mo gbàgbé pé ṣọ́ọ̀bù ti pààrọ̀ àyè, orúkọ kò sì kúrò lójú kan. Ọ̀gá mi dá ọ̀rọ̀ padà sí i, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, n kò sì tún un wò. Ojú bàbá ti ń ṣú, wọ́n fọwọ́ sí i láìkà á.

Ilé parí, bàbá sì kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, àbúrò bàbá wa tẹ́ pláànù sórí tábìlì, wọ́n ń ka orúkọ sókè. Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù ńlá, orúkọ mi ni wọ́n pè. Mo ní àṣìṣe ni, mo ní kọ̀ǹpútà ló gbé ṣọ́ọ̀bù lọ tó fi orúkọ sílẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Àǹtí kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Kọ̀ǹpútà ló mọ̀ mí, tó mọ̀ ẹ́, tó wá fún ẹ ní èyí tó tóbi?"

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá sí Bódìjà kí n fi hàn wọ́n. Wọ́n wá, wọ́n jókòó tì mí. Mo yí ilé náà lójú wọn, orúkọ sì dúró. Mo wá mú orúkọ wọn, mo gbé e sínú ṣọ́ọ̀bù ńlá, mo gbé tèmi lọ sí kékeré. Mo ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ti rí i báyìí?" Wọ́n tẹjú mọ́ ẹ̀rọ náà títí. Wọ́n ní, "Bó ṣe rọrùn fún ẹ tó nìyẹn, láti gbé orúkọ mi kúrò níbì kan lọ síbòmíràn." Wọ́n wọ bàtà wọn, wọ́n lọ.

Mo ti yọ̀ǹda ṣọ́ọ̀bù náà níwájú ẹbí, Àǹtí kò gbà á. Ọkọ mi lọ bẹ̀ wọ́n. Èsì tó mú bọ̀ ni pé: "Mi ò bá a du ṣọ́ọ̀bù. Kó ṣáà wá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun ló ṣe é, mo ti dárí jì í. Èmi ni mo tọ́ ọ, irọ́ tó ń pa fún mi ló ń dùn mí."

Ẹ̀yin òǹkàwé, gbólóhùn kan péré ni. Bí mo bá sọ ọ́, mo máa ní Àǹtí mi padà, ṣùgbọ́n olè ni wọ́n máa dárí jì, títí ayé ni wọ́n á sì máa fi ojú olè wò mí. Bí n kò bá sọ ọ́, tí wọ́n bá kú ńkọ́? Lánàá, mo dá dúró ní yàrá, mo gbìyànjú rẹ̀ wò: "Àǹtí, èmi ni mo gbé e." Ó jáde lẹ́nu mi geere, bí òótọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: ṣé kí n lọ jẹ́wọ́ ohun tí n kò ṣe?