Ilé Ìgbẹ́ Tí Mo Fi Ọwọ́ Mi Kọ́

Adájọ́ ti ní kí wọ́n so mí rọ̀ títí n óò fi kú, ṣùgbọ́n iná ni ó kọ́kọ́ fẹ́ pa mí. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, èéfín gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá àwa tí a dá ẹjọ́ ikú fún. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n yòókù ti dìde lóde, nítorí kò sí omi, garawa ìgbẹ́ sì ti kún àkúnwọ́sílẹ̀ nínú gbogbo yàrá. Àwọn wọ́dà sá lọ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo tì í bọ inú garawa, mo fi bo imú. Ẹ má bínú pé mo kọ irú èyí. Ohun tó gbà mí là nìyẹn, títí àwọn kan fi fi òòlù fọ́ àgádágodo.

Ilẹ̀ ló gbé mi dé ẹ̀wọ̀n. Bíríkìlà ni mí, ọmọ Ìtàjí-Èkìtì. Nígbà tí bàbá wa kú, ẹbí pín oko kòkó rẹ̀ fún èmi àti Òjó àbúrò mi, wọ́n gbin pèrègún sí ààlà. Igi obì kan wà létí ààlà, lọ́dọ̀ Òjó. Ó wọ̀ mí lójú. Mo hú pèrègún kan, mo gbìn ín sí ẹ̀yìn igi náà. Ó hù. Lọ́dún kejì, mo tún sún òmíràn.

Òjó bá mi níbi tí mo ti ń tẹ erùpẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé pèrègún ti ń rìn ni?” Ó ń rẹ́rìn-ín.

“Kí lo rí?”

“Mo ti rí i láti èṣí. Ojú ló ń tì mí láti sọ. Ẹ jẹ́ ká lọ ulé, ká pe àwọn àgbà.”

“Àgbà wo? Ṣé èmi kì í ṣe àgbà rẹ ni?”

“Àgbà kì í jalè, ẹ̀gbọ́n.”

Àdá wà lọ́wọ́ mi. Kí àwọn ará oko tó dé, Òjó ti kú.

Lẹ́yìn rògbòdìyàn ọgbà ẹ̀wọ̀n, ìjọba alágbádá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé rán ìgbìmọ̀ wá láti mọ ẹni tó dáná. Wọ́n ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ nínú àwa tó ń dúró de okùn, kò ní pẹ́ mọ́ tí wọn yóò fi so ó rọ̀. Ọ̀gá wọ́dà nawọ́ sí mi.

“Ẹni tó ti kú tẹ́lẹ̀, kí ló ń bẹ̀rù tí kò fi ní dáná?”

Ẹ̀wù kan náà ṣì wà lọ́rùn mi, kò sí omi láti fọ̀ ọ́. Baba Òmù, àgbàlagbà tí a jọ wà ní yàrá, ló fèsì:

“Ẹ gbóòórùn rẹ̀ ná, sà. Ẹni tó ń fi ìtọ̀ bo imú, ibo ló ti fẹ́ rí epo òyìnbó?”

Àwọn ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n di imú, wọ́n fi mí sílẹ̀.

Nígbà tí àtúnkọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú mi jáde láti to búlọ́ọ̀kù. Èmi ni mo kọ́ ilé ìgbẹ́ tuntun, olómi, tó ní fèrèsé. Mo ṣe é bí ẹni ń kọ́ ilé ara rẹ̀. Ọjọ́ tí àwọn èèyàn ńlá wá ṣí i, wọ́n ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Bí wọ́n ti lọ, wọ́dà fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

“Àlejò la kọ́ ọ fún. Ṣé ìwọ náà fẹ́ jókòó bí òyìnbó?”

Garawa padà wá. Ìdin ń rìn létí rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ la sì ti ń jẹ ẹ̀bà. Ó kó mi nírìíra, àwọn tó ya fọ́tò náà sì kó mi nírìíra.

Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ọ̀gá wọ́dà pè mí, ó ní gómìnà ti yí ikú mi sí ẹ̀wọ̀n gbére. Baba Òmù gbá mi mọ́ra. Àwọn yòókù ń kọrin. Èmi lọ sí igun yàrá, mo bì. Ara mi gan-an ló ń rí mi lára.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ohun ẹlòmíràn bá wọ̀ yín lójú, ẹ tọrọ rẹ̀. Bó bá kọ̀, ẹ máa lọ. Mo mọ Òjó. Ká ní mo ní kó fún mi ní obì yẹn ni, òun fúnra rẹ̀ ni ì bá gun igi ká a fún mi.