Mo Lu Aago Láìdé Ìsàlẹ̀ Ìdagẹ̀rẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹni tí adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Yàrá tí mo wà kò fẹ̀ ju ibi tí ènìyàn lè na ẹsẹ̀ sí. Mi ò kọ ìwé yìí kí ẹ lè káàánú mi. Mo pa Àáfà Sálíù, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́. Lọ́yà mi gbìyànjú títí láti sọ ọ́ di irọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Àdúgbò Adéwọlé ní Ìlọrin ni ilé iṣẹ́ wa wà, níbi tí ilẹ̀ ti ga. Ẹgbẹ́ aláàánú kan ló ni ín. Àwọn ará òkè òkun máa ń kó kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọn kò gùn mọ́ jọ, wọ́n á kó o sínú kọ̀ntéńà, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí wa. Àwa á tú u palẹ̀, a ó ha ìpẹtà rẹ̀ dànù, a ó pààrọ̀ ohun tó bàjẹ́, a ó sì fi ta àwọn ọmọ iléèwé tó ń fẹsẹ̀ rìn láti oko àti àwọn nọ́ọ̀sì abúlé lọ́rẹ. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹni ibi kì í fẹ́ràn iṣẹ́ rere.

Òfin kan wà tí Àáfà Sálíù, olórí wa, kò gbà kí a tẹ̀ lójú: ẹni tó bá tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni yóò kọ́kọ́ gùn ún. Ìdagẹ̀rẹ́ kan wà níwájú ilé iṣẹ́ tó lọ parí sí títì ńlá. Wàá gun kẹ̀kẹ́ náà sọ̀ kalẹ̀, wàá tẹ bíréèkì ní àárín, wàá tún tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀ kí o tó dé títì. Bó bá dúró, wàá lu aago rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí àwa tó wà lókè lè gbọ́. "Alihamudulilahi," ni Àáfà máa ń dáhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò lè gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà lo máa ti kẹ̀kẹ́ padà gòkè, tí wàá so àkísà aṣọ aláwọ̀ tìrẹ mọ́ ọwọ́ rẹ̀, kí a lè mọ ẹni tó tún un ṣe. Aláwọ̀ búlúù ni tèmi.

Títi kẹ̀kẹ́ padà gòkè ni wàhálà ibẹ̀. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ní Ìlọrin kì í bá ènìyàn ṣeré. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí mo ti gun mẹ́ta, mo dé ìdí igi máńgòrò tó wà ní àárín ọ̀nà, níbi tí àwọn tó wà lókè kò ti lè rí mi. Mo dúró síbi òjìji rẹ̀, mo lu aago lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo gbọ́ ohùn Àáfà lókè: "Alihamudulilahi!" Ẹ̀rín pa mí.

Kò sí ohun tó ṣe kẹ̀kẹ́ yẹn, ohun tó sì bà mí jẹ́ nìyẹn. Nígbà tó yá, mi ò tẹ bíréèkì wò mọ́ rárá. Iṣẹ́ mi wá ń yá ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Wọ́n ní bí Àáfà bá fẹ̀yìn tì, èmi ni wọn yóò fi ṣe olórí. Mo ti sọ fún ìyá mi, ìyá mi sì ti sọ fún gbogbo agboolé.

Ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì kan ní abúlé já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́ tí bíréèkì rẹ̀ kò mú, apá rẹ̀ sì kán. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ náà padà wá. Aṣọ búlúù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àáfà kò pariwo. Ó pè mí sí ẹ̀yìn ilé ní ọjọ́ Alámísì.

"Ṣé o gùn ún dé ìsàlẹ̀?"

"Mo gùn ún, Àáfà. Wàláhì, mo gùn ún."

"Má búra mọ́. Ìyá tó ń ta omi nísàlẹ̀ ní ó ti pẹ́ tí òun ti rí ọ gbẹ̀yìn. Ọ̀la, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa máa jókòó. Fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. Èmi náà á bá ọ bẹ̀ wọ́n. Bí o ò bá sọ ọ́, èmi á sọ ọ́."

"Àáfà, ẹ bò mí láṣìírí."

"Nọ́ọ̀sì tó fapá kọ́rùn ńkọ́? Ta ló máa bo òun?"

Gbólóhùn kan péré ni mo gbé lọ sílé: èmi á sọ ọ́. Èyí tó ní òun yóò bá mi bẹ̀bẹ̀, etí mi kò gbà á.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Àáfà ń ṣe àlùwàlá lẹ́yìn ilé, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó máa ń gùn lọ sí mọ́sálásí sì fara ti ògiri níwájú. Sípánà wà lọ́wọ́ mi. Mo tú bíréèkì iwájú, mo tú ti ẹ̀yìn. Mo sọ fún ọkàn mi pé kòtò lásán ni yóò ṣubú sí, pé yóò kàn fara pa, kò ní lè wá sí ìpàdé. Ohun tí mo sọ nílé ẹjọ́ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìdagẹ̀rẹ́ yẹn tí kò mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Àáfà jáde, ó ká jalabíà funfun rẹ̀ sókè, ó gun kẹ̀kẹ́.

"Ṣé o ti rò ó?"

"Mò ń rò ó, Àáfà."

"Ọlọ́run á ràn ọ́ lọ́wọ́."

Ó lọ. Ohùn wà lẹ́nu mi. Láti òkè títí dé ìdí máńgòrò, àyè wà tí ènìyàn fi lè kígbe. Mi ò kígbe. Mo wá gbọ́ aago rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ó ń lù ú láìdáwọ́ dúró kí àwọn tó wà lọ́nà lè yà. Típà kan ń bọ̀ ní títì. Aago náà dákẹ́.

Adájọ́ ní kì í ṣe sípánà nìkan ló pa á, ìdákẹ́jẹ́ mi wà níbẹ̀.

Ó pẹ́ tí mi ò lè kírun nínú ẹ̀wọ̀n. Lọ́jọ́ kan ni wọ́n ní mo ní àlejò. Àmínátù ni, àkọ́bí Àáfà, tíṣà ni. Mo rò pé èpè ló gbé wá.

"Ìbéèrè kan ni mo ní," ó wí. "Kí ni ìwọ àti bàbá mi jọ sọ?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ohun tí ìtìjú kò jẹ́ kí n sọ nílé ẹjọ́, pé bàbá rẹ̀ ti ṣèlérí láti bá mi bẹ̀bẹ̀. Ó fi híjáàbù bo ojú, ó sunkún títí. "Bàbá mi nìyẹn," ó wí. "Bàbá mi gan-an nìyẹn."

Nígbà tó padà wá, ó ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ọgbà. Ó gbé kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ wá, kẹ̀kẹ́ náà ti rọ́ wómúwómú.

"Tún un ṣe."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e fún ẹlòmíràn."

"Ìwọ lo tú u. Ìwọ lo máa dè é."

Wọ́dà méjì ń ṣọ́ mi bí mo ṣe ń ṣe é. Mo na irin táyà rẹ̀ tó ká kò, mo fi bíréèkì tuntun sí i, mo dè é, mo tún dè é. Lọ́jọ́ tí mo parí, Àmínátù wá, mo sì sọ ohun tó ń gbé mi lọ́kàn fún un: ẹni tó tún un ṣe ló yẹ kó kọ́kọ́ gùn ún, èmi kò sì lè kọjá géètì.

Ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. "Ọ̀nà iwájú ọgbà yìí náà dà gẹ̀rẹ́. Èmi ni màá gùn ún."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má gùn ún, Àǹtí. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Ṣé o dè é, àbí o ò dè é?"

"Mo dè é."

"Ó tán."

Ó ti kẹ̀kẹ́ jáde, wọ́n sì ti géètì. Mo lẹ etí mọ́ ògiri. Ẹ̀rù bà mí ju ọjọ́ tí wọ́n dá ẹjọ́ mi lọ. Lẹ́yìn náà, láti ọ̀nà jíjìn, mo gbọ́ ọ: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta. "Alihamudulilahi!" ni mo ké, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè gbọ́ mi. Lọ́jọ́ yẹn ni mo tún kírun.

Wọ́n ti ń kó kẹ̀kẹ́ wọ ọgbà wa fún àtúnṣe báyìí, mo sì ń kọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọn yóò dá sílẹ̀ lọ́jọ́ kan níṣẹ́. Wọn yóò jáde lọ pẹ̀lú iṣẹ́ Àáfà lọ́wọ́ wọn. Àmínátù ti fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n kọ sí gómìnà lórí ọ̀rọ̀ mi. Èsì kò tíì dé. Bó bá jẹ́ ìyè, màá fi gbogbo rẹ̀ tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Bó bá sì jẹ́ ikú, n kò ní fi irọ́ lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, èmi kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpànìyàn. Òjìji igi ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Oòrùn yóò mú ẹ̀yin náà, ẹ ó sì rí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dúró níbẹ̀. Bí ẹ bá sì ti dúró, ẹ tètè sọ, nítorí ẹni tó fẹ́ bá yín bẹ̀bẹ̀ lè ti wà níwájú yín. Ẹ dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó lu aago.