Ibojì Òfìfo Tó Wà Lórí Òkè Fengshu

Kò sí òkú kankan nínú ibojì tó wà lórí òkè Fengshu. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé èmi ni mo kọ́ ọ. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, ǹ bá sì gbé e mì wọ inú ilẹ̀, bí kì í bá ṣe lẹ́tà Peiyu tó dé láti Taiwan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní bàbá àgbà òun ti kú, òun sì ń gbé eérú rẹ̀ bọ̀ ní àsìkò ìrúwé tí a máa ń tún ibojì àwọn èèyàn wa ṣe, kí òun lè sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin lórí òkè yẹn. Dókítà ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀fóró mi kò ní gbé mi jìnnà mọ́. Mo lè wà láyé nígbà tí Peiyu bá dé, mo sì lè má sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra mi, kí ó baà lè kà á, kí ẹ̀yin ọmọ mi náà sì mọ irú ẹni tó bí yín.

Awakọ̀ ni èmi Cheng Baigen, mo sì máa ń mú àwọn àlejò kiri fún iléeṣẹ́ ìrìn-àjò kékeré kan ní agbègbè wa, níbi tí ìjọba ti sé odò di adágún ńlá. Ọ̀pọ̀ abúlé ló wà lábẹ́ omi yẹn. Lọ́dún 1959 ni wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ kúrò, wọ́n sì pín wọn sí ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó jìnnà síra. Bọ́ọ̀sì ìjókòó méjìlá ni mò ń wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀ tí mo tún tò ó padà, kò sí ẹni tó kọ́ mi. Mo fẹ́ràn kí n máa wo bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ mi sì gbà á. Ohun tó kó bá mi gan-an nìyẹn: mo rò pé kò sí ohun tó lè bàjẹ́ tí ọgbọ́n ọwọ́ mi kò ní lè bò.

Nígbà òtútù tó ṣáájú ìrúwé ọdún 1991, lẹ́tà kan dé sí iléeṣẹ́ wa. Ohun tó wà nínú rẹ̀ rèé: “Hong Jiting lorúkọ mi, ọmọ abúlé Zhuyuan. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí ìyá mi rán mi pé kí n lọ ra iyọ̀ wá. Àwọn ọmọ ogun mú mi lójú ọ̀nà, wọ́n fi ìbọn sí mi lọ́wọ́, Taiwan sì ni ọkọ̀ ojú omi já mi sí. Ó ti di ọdún méjìlélógójì báyìí. Èmi àti ẹbí mi ń bọ̀ wá wo Hangzhou àti òkè Huangshan, a ó sì dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ bá mi wá ìyá mi àti Suqing àbúrò mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà yẹn. Bí wọ́n bá wà láàyè, ẹ sọ fún wọn pé mò ń bọ̀. Bí wọ́n bá ti kú, ẹ wá ibojì wọn fún mi.”

Ọ̀gá Jiang tó ni àkóso iléeṣẹ́ wa pè mí. “Baigen, ẹbí àkọ́kọ́ tó máa wá bá wa láti Taiwan nìyí. Ìwọ lo mọ ọ̀nà jù. Wá àwọn èèyàn yẹn rí.”

“Ìyẹn ò le, ọ̀gá,” ni mo fi dá a lóhùn.

Kò le lóòótọ́. Ibi mẹ́ta péré ni mo ní láti lọ. Ṣùgbọ́n yìnyín bo ọ̀nà, mo ní ó dìgbà tó bá yọ́. Nígbà tó yọ́, mo ní bíréèkì ọkọ̀ ò dára tó. Nígbà tí mo tún bíréèkì ṣe tán, mo ní wọn ò tíì dé, àyè ṣì wà. Oṣù mẹ́rin kọjá báyẹn. Ní ọjọ́ ìpàdé kan, Ọ̀gá Jiang bi mí lójú gbogbo èèyàn pé, “Àwọn èèyàn Zhuyuan dà? Ṣé o ti rí wọn?” Ojú tì mí. Mo ní mo ti rí wọn. Ó ní báwo ni wọ́n ṣe wà. Mo ní wọ́n ti kú, àtìyá àtọmọ, nígbà ìyàn. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe rò ó o: bí mo bá sọ pé wọ́n wà láàyè, wọ́n á ní kí n fi ọkọ̀ gbé wọn wá. Kò sí ẹni tó máa ní kí n lọ fi ọkọ̀ gbé ẹni tó ti kú wá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọ̀gá Jiang kọ̀wé sí Taiwan lọ́jọ́ náà gan-an, èsì tó sì padà wá kò ju ìlà kan lọ: “Mo dúpẹ́. Ẹ bá mi tọ́jú ibẹ̀ títí n ó fi dé.”

Níbi tí mo ti bá a dé yẹn, ó di dandan kí ibojì wà. Mo lọ bá Ye Tugen, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbẹ́ òkúta.

“Òkú ta ni?” ni ó bi mí.

“Kò sí òkú.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ìyẹn ló dára jù. Bí mo bá ṣi orúkọ rẹ̀ gbẹ́, kò ní wá ká mi mọ́lé.” Lẹ́yìn náà ló wò mí lójú. “Baigen, ṣé eré lò ń ṣe?”

Mo ní kì í ṣe eré. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Mo rán an létí ẹni tó gbé ìyàwó rẹ̀ dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí òjò wó ọ̀nà, ló bá mú irin ìgbẹ́ rẹ̀.

A wá òkúta pẹlẹbẹ kan rí lára afárá àtijọ́ tó ti wó, ewédò gidi sì ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ sára òkúta máa ń funfun ni, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ pàápàá á mọ̀ pé tuntun ni. Mo fi ọtí kíkan pa etí lẹ́tà náà títí mímú rẹ̀ fi kú. Mo fi yanrìn tútù àti okùn fá a láti òkè wá sísàlẹ̀, nítorí bí òjò ṣe máa ń jẹ òkúta nìyẹn. Mo po èédú ìdí ìkòkò mọ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tíì, mo fi kun inú àwọn lẹ́tà náà, mo wá rì í mọ́ inú ẹrẹ̀ ilé ẹlẹ́dẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí a gbé e jáde tí a fọ̀ ọ́, bí òkúta ọgbọ̀n ọdún ló rí. Inú mi dùn. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa mi nìyẹn: inú mi dùn. Orúkọ ìyá rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, ti Suqing wà lápá òsì. A fi sìmẹ́ǹtì rì í mọ́lẹ̀ lórí òkè Fengshu, a kó erùpẹ̀ jọ sẹ́yìn rẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n dé nígbà tí mo lọ kó lẹ́tà iléeṣẹ́ ní pósófíìsì, mo bá rí ọ̀kan tó ti Jiangxi wá. Mi ò mọ̀ pé Ọ̀gá Jiang ti fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí n tó purọ́ fún un. Inú ọkọ̀ ni mo ti kà á. “Èmi ni Hong Suqing, ọmọ Zhuyuan. Mo rí ìwé yín. Ìyá wa gbé ayé títí di ọdún 1978, ẹ̀yìn oko wa níbí la sin ín sí. Ọjọ́ wo ni ẹ̀gbọ́n mi ń dé? Ẹ sọ fún mi, mò ń bọ̀.”

Ìrìn wákàtí mẹ́fà péré ni. Bíréèkì ọkọ̀ mi dára, epo kún inú rẹ̀. Ǹ bá lọ lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá gbé e wá, ǹ bá sì jẹ́wọ́ fún Ọ̀gá Jiang. Ó lè lé mi lẹ́nu iṣẹ́, àwọn awakọ̀ yòókù á sì fi mí rẹ́rìn-ín fún ọdún kan. Kò ju bẹ́ẹ̀ náà lọ. Mo gbé ìtìjú ọdún kan sórí ìwọ̀n pẹ̀lú ọdún méjìlélógójì tí obìnrin yẹn fi dúró, mo sì yan tèmi. Mo sun lẹ́tà rẹ̀. Mo wá fèsì fún un, mo sì fún un ní ọjọ́ tó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ti padà sí Taiwan.

Mo lọ pàdé wọn ní Hangzhou. Hong Jiting rí tẹ́ẹ́rẹ́, irun rẹ̀ ti funfun. Shaowen ọmọ rẹ̀ gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ìyàwó Shaowen sì di ọwọ́ Peiyu mú. Ọmọ ọdún méje ni Peiyu nígbà yẹn. A wọ ọkọ̀ lórí adágún ìwọ̀-oòrùn, a mu tíì, a sì gun Huangshan. Nínú ọkọ̀ orí wáyà, kùrukùru yà, òkè ńláńlá yọ jáde, gbogbo èèyàn ń pariwo. Bàbá ń wo bàtà rẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbójú sókè,” ni Shaowen wí. “Òkè tí gbogbo ayé ń wá wò nìyí, bàtà tí ẹ rà ní Taipei lẹ ń wò!”

“Òkè náà ò ní lọ síbì kankan. Ọ̀gá Cheng, ó ku ọjọ́ mélòó?”

“Ọjọ́ méjì, Bàbá.”

Peiyu fa aṣọ mi. “Ọ̀gá Cheng, ẹ gbé báàgì bàbá àgbà wò. Iyọ̀ ni wọ́n rù wá!”

Ìyàwó Shaowen rẹ́rìn-ín. “Kílò méjì gbáko! Àwọn asọ́bodè bi wọ́n pé ṣé kò sí iyọ̀ ní China ni. Bàbá wá ní iyọ̀ wà, pé àwọn ni àwọn ò tíì jíṣẹ́.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, mo fi ọkọ̀ gbé wọn dé adágún wa, a sì wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí ẹsẹ̀ òkè Fengshu. Bàbá bi mí pé níbo ni Zhuyuan wà. Mi ò mọ̀. Mo nawọ́ sí omi tó wà níwájú mi, ó sì ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Ó fọwọ́ kan omi náà jẹ́ẹ́, bí ẹni ń fọwọ́ kan orí ọmọ tó ń sùn.

Lórí òkè, kò wo òkúta náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wólẹ̀, ó forí kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tan tùràrí, ó wá tú báàgì rẹ̀. “Ìyá, iyọ̀ rèé. Ẹ má bínú, ó pẹ́.” Ó da iyọ̀ náà sí ìdí òkúta. Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ní àkókò yẹn, Ọlọ́run gbọ́, ni pé iyọ̀ á jẹ sìmẹ́ǹtì mi. Lẹ́yìn náà ló yíjú sápá òsì. “Suqing, o ní kí n má pẹ́. O ní o máa bá mi fi oúnjẹ mi pamọ́.” Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Suqing wà ní Jiangxi ní wákàtí yẹn, ó ń ka ọjọ́ tí mo fún un.

Mo rò pé ó ti parí, àfi bí bàbá yẹn ṣe yí sí mi lórí eékún, tó sì forí kan ilẹ̀ níwájú mi.

“Bàbá, ẹ dìde!” ni mo kígbe. Shaowen sáré wá gbé e.

“Fi mí sílẹ̀,” ni bàbá wí. “Ọkùnrin yìí ti ṣe iṣẹ́ tèmi fún ìyá mi.”

Ẹnu mi là. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ahọ́n mi. Mo pa ẹnu dé.

Ká ní mo dúró níbẹ̀, ǹ bá jẹ́ èké lásán. Ohun tó burú jù ṣì kù. Ní ọjọ́ kẹwàá tí wọ́n lọ, Suqing bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀, òun àti Qiuju ọmọ rẹ̀. Ó kéré, oòrùn ti pa á dúdú, ó gbé agbọ̀n dání. “Ẹ̀yin ni Ọ̀gá Cheng? Ẹ̀gbọ́n mi dà?”

Ohun tí mo ti múra sílẹ̀ ni pé kí n ní wọ́n kánjú lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ó máa gba àdírẹ́sì, ó máa kọ̀wé, gbogbo rẹ̀ á sì tú. Mo ní, “Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ó kú ní Taiwan kí wọ́n tó gbéra. Ọmọ rẹ̀ ló kọ̀wé sí wa.”

Kò pariwo. Ó jókòó sórí òkúta etí ọ̀nà. Ó ní, “Ṣé ó fẹ́yàwó?”

“Ó fẹ́yàwó.”

“Ó bímọ?”

“Ó bímọ, ó sì rí ọmọ-ọmọ.”

“Ó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Ó nu ojú rẹ̀. “Àwọn ará abúlé ní ó gbé owó iyọ̀ sá lọ. Ìyá mi bá wọn jà títí ó fi kú.” Ó gbé agbọ̀n náà fún mi. Ẹyin pẹ́pẹ́yẹ oníyọ̀ ló wà nínú rẹ̀, àti ọ̀mùnú ọparun gbígbẹ. “Tirẹ̀ ni mo gbé wá. Ẹ máa jẹ ẹ́, ọ̀gá. Ọ̀nà wa jìn, mi ò fẹ́ kó bàjẹ́.”

Mo jẹ ẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo jẹ.

Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni Hong Jiting ń kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ọdọọdún ni mo sì ń lọ ro ìdí ibojì yẹn, tí mò ń ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Nígbà tí Ye ń kú lọ, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, “Baigen, iṣẹ́ wa yẹn dára jù. Ìbá jẹ́ pé a ṣe é wúruwùru, wọn ì bá ti já irọ́ wa.” Suqing kú ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Mo wakọ̀ lọ síbẹ̀, mo dúró lójú ọ̀nà, mi ò lè bọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń mú àlejò kiri nísinsìnyí, bí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ẹ ò mọ̀, ẹ ní ẹ ò mọ̀. Wọ́n á bínú sí yín fún ọjọ́ kan.

Peiyu, àwọn tí mo ṣẹ̀ gan-an ti kú, mi ò sì ní kí ìwọ dárí jì mí nítorí tiwọn. Ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́ fún ni pé kí o má gbé bàbá àgbà rẹ gun òkè Fengshu. Gbé e lọ sí Jiangxi. Mo ya ọ̀nà náà sí ẹ̀yìn ìwé yìí, ìyípo kọ̀ọ̀kan ló wà níbẹ̀, mo sì kọ orúkọ Qiuju sí i, nítorí ilé ìyá rẹ̀ ló ṣì ń gbé. Òun ló máa fi ibojì ìyá bàbá àgbà rẹ hàn ọ́, àti Suqing ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Sọ fún Qiuju pé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tí wọ́n ní ó ti kú lọ́jọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ìlú wa ni, ó sì ti forí kan ilẹ̀ nítorí Suqing. Jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ kó tó gbọ́ orúkọ mi.