Ọjọ́ Tí Ìyá Eléwúrẹ́ Gbé Àpótí Rẹ̀ Lọ

Sọ́ńdè tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kí o wàásù, àbí? Àgùntàn lọ́wọ́ ọ̀tún, ewúrẹ́ lọ́wọ́ òsì... Ó dáa. Dàmílọ́lá, fa àpótí ìjókòó yẹn wá, jókòó. Ẹ̀yin yòókù náà, ẹ sún mọ́bí. Ẹ pa fóònù yẹn mọ́ ná.

Nígbà tí egungun mi ṣì le, tí mo lè fẹsẹ̀ rìn láti àdúgbò PZ dé Sámárù nílẹ̀ Hausa níbí láì sinmi, èmi náà wàásù lórí ibẹ̀ yẹn. Ẹ gbọ́ o. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe tísà nínú ìjọ wa kékeré ní Muchia ni. Kóòtù kan ṣoṣo ni mo ní. Ìgbéraga mi ló pọ̀!

Ìyá kan wà nínú ìjọ, opó ni, ará Kàbà. Ewúrẹ́ ló ń sìn. Gbogbo Muchia, Yorùbá, Hausa, Ìyá Eléwúrẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ṣé ẹ mọ̀ pé láyé ìgbà yẹn kò sí àga nínú ṣọ́ọ̀ṣì? Kálukú ló ń gbé àpótí tirẹ̀ bọ̀. Iwájú pátápátá ni màmá máa ń gbé tirẹ̀ sí, nítorí etí rẹ̀ kan kò gbọ́ràn.

Mo wàásù... haba! Mo ní alágídí ni ewúrẹ́, olè ni, mo ní ẹni tó bá rí ewúrẹ́ ti rí ọmọ ègbé. Ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn pé, “Ìyá Eléwúrẹ́, ṣé ẹ gbọ́?” Ìjọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé Ẹ̀mí ló ń ṣiṣẹ́.

Màmá dìde. Ó gbé àpótí rẹ̀ lé orí, ó jáde.

Sọ́ńdè kejì, ojú ibẹ̀ ṣófo. Ẹ̀kẹta, ó ṣófo. A wá gbọ́ pé ó fẹ́ kó gbogbo ẹran rẹ̀ tà, pé òun kò ní sin ọmọ ègbé mọ́. Ìyá yín àgbà, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ló wò mí lójú. Ó ní, “Bàbá Ṣọlá, ènìyàn lẹ fi ìwàásù lé jáde o. Ẹ lọ mú un wá.”

Mo wọ kóòtù, mo lọ. Ojú ọjọ́ ti ń ṣú. Mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń jẹ tùwó, òkèlè àwọn Hausa. Mo ní, “Màmá, ọmọ ta nìwọ̀nyí?”

“Èmi ò mọ̀. Ebi ló ń pa wọ́n.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé àpèjúwe lásán ni, pé kì í ṣe ẹran ni Jésù ń bá wí. Ó ní kí n dákẹ́. Ó mú mi lọ sí ọgbà ẹran lẹ́yìnkùlé. “Ọ̀dọ́ àgùntàn méjì wà láàárín àwọn ọmọ ewúrẹ́ yìí. Aládùúgbò mi ló ní kí n bá òun tọ́jú wọn. Mú ọ̀kan fún mi.”

Kí ló le níbẹ̀? Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbá ọ̀kan mú. A gbé e síbi àtùpà. Ìrù rẹ̀ nà sókè, ti àgùntàn kì í nà: ewúrẹ́! Mo tún padà. Mo mú òmíràn... ewúrẹ́ náà ni! Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, tí wọ́n ti tẹ̀lé wa wá, fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín.

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Tísà, ìwọ tí o kò lè yà wọ́n nínú ọgbà tèmi, ta ló ní kí o máa yà wọ́n nínú ìjọ? Ẹran Ìrékọjá ńkọ́? Ṣé Ọlọ́run kò sọ fún Mósè pé wọ́n lè mú un nínú àgùntàn tàbí nínú ewúrẹ́?”

Etí kan ṣoṣo tó ní, ó fi gbọ́ Bíbélì ju èmi elétí méjì lọ!

Ojú tì mí. Mo wo àwọn ọmọ wọ̀nyẹn bí wọ́n ti ń lá ọwọ́. Ẹ rántí ohun tí Ọba sọ níbẹ̀: ebi pa mí, ẹ fún mi ní oúnjẹ. Ohun tó fi yà wọ́n nìyẹn! Èmi wàásù lórí ẹran, mo fo oúnjẹ. Ẹni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún nínú ìjọ wa, òun ni mo lé jáde. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ìgbẹ́ ewúrẹ́, tòun ti kóòtù.

Ó ní, “Dìde, o ti ba aṣọ rẹ jẹ́. Wá jẹ tùwó.”

Sọ́ńdè yẹn, èmi ni mo ru àpótí rẹ̀ láti ilé rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Lórí mi! Gbogbo Muchia ń wò.

Lónìí, àga rọ́bà ti kún ṣọ́ọ̀ṣì yín, ó dára. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá bínú lọ, ojú ibi tó ń jókòó sí á sọ fún wa. Àga rọ́bà kì í sọ nǹkan. Ojú yín ni kí ẹ máa fi ṣọ́ ara yín.

Mo mọ̀ pé wàá ṣe dáadáa, Dàmílọ́lá. Mo rí ọ lánàá bí o ṣe pín búrẹ́dì rẹ fún ọmọ yàrá kejì. Ìgbà tí màmá yẹn ń kú lọ, ó ní kí wọ́n gbé àpótí òun fún Tísà.

Òun lo jókòó lé yẹn... Rárá, má dìde. Jókòó sí i dáadáa. Orí rẹ̀ ni kí o ti kọ ìwàásù rẹ.