Ọkọ Ìyàwó Wà Nínú Mọ́tò

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ Yorùbá ní Johannesburg, láti Hillbrow títí dé Fourways, wọn á sọ fún yín pé kò sí ẹ̀dá alààyè tí èmi Àtàndá aláwàdà ò lè pa lẹ́rìn-ín. Mo ti pa olóòkú lẹ́rìn-ín níwájú pósí. Mo ti pa pásítọ̀ tó ń gbààwẹ̀ lẹ́rìn-ín títí tó fi ní kí n jọ̀ọ́, ebi ń pa òun. Ẹ̀rí tó tóbi jù ni ti obìnrin Súlù kan tí kò gbọ́ “wá jẹun” ní Yorùbá, tí mo pa lẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ fi obìnrin náà sọ́kàn, a máa padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Àmọ́ mi ò wá pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín lónìí. Òtítọ́ kan wà nínú mi tó ń rà bí ẹran tí wọ́n gbàgbé sínú fìríìjì nígbà tí iná lọ. Wọ́n ní irọ́ lè rìn fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a lọ́jọ́ kan. Irọ́ tèmi ò tíì rìn jìnnà, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Èmi ni mo ba ìgbéyàwó ọmọ mi jẹ́. Kì í ṣe ayé, kì í ṣe àwọn ọ̀tá ilé bàbá rẹ̀, àfi bí ẹ bá ka bàbá rẹ̀ mọ́ wọn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2008, nígbà tí àwọn kan dìde sí àwa àlejò nílùú yìí, tí wọ́n ń lé wa bí ẹni ń lé ewúrẹ́, ilé wa ní Jeppe ò ṣeé gbé mọ́. Èmi, Monísọ́lá ìyàwó mi, àti Tèmilọlá ọmọ wa kan ṣoṣo la wà nínú ilé, a ti fi bẹ́ẹ̀dì dí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí òun àti Tèmilọlá jọ ń kàwé ní yunifásítì ní Braamfontein ló gbé mọ́tò wá kó wa. Vusi lorúkọ rẹ̀, ọmọ Súlù ni. Ilé ìyá rẹ̀ ní Soweto ló kó wa lọ. Màmá Zondi, ìyá rẹ̀, opó ni, kò rí wa rí. Ó kó ẹrù tirẹ̀ kúrò ní yàrá ẹ̀yìn, ó ní kí a wọlé. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wá bèèrè ní géètì pé àwọn wo ló kó sílé, obìnrin yìí fọwọ́ lé ìbàdí, ó ní, “Àwọn àna mi ni. Ta ló fẹ́ wá kí wọn?” Wọ́n lọ. Èmi wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, orúnkún mi ń lu ara wọn. Bó ṣe wọlé báyìí, ẹnu mi ò lè dákẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ àwàdà. Mo ṣe bí ewúrẹ́ tó wọ takisí láìsanwó, mo ṣe bí ọlọ́pàá tó ń hanrun lẹ́nu iṣẹ́. Yorùbá ni mo ń sọ, mo ti gbàgbé pé kò gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi fi etí aṣọ nu ojú. Mo yíjú sí Monísọ́lá, mo ní, “Ṣé o rí i? Ẹ̀bùn Ọlọ́run ò nílò ògbufọ̀.” Gbogbo ọjọ́ tí a lò níbẹ̀ ni mò ń pa á lẹ́rìn-ín, tí kò sì sú òun náà.

Nínú ilé ìdáná rẹ̀ ló ti ń kọ́ mi ní àṣà wọn, òyìnbó la fi ń bá ara wa sọ ọ́. Ó ní bí ọmọkùnrin bá fẹ́ gbéyàwó, àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ ló máa lọ dúró ní géètì ilé ìyàwó, tí wọ́n á máa ki oríkì ìdílé títí wọn á fi ṣílẹ̀kùn fún wọn. Mo ní, “Ọkọ ńkọ́?” Ó ní, “Hawu, kí lọkọ fẹ́ wá ṣe níbẹ̀? Ọmọ tó bá jókòó síbi ọ̀rọ̀ yẹn, ọmọ tí wọn ò kọ́ ni.” Mo ní lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ tí kò bá wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹbí ìyàwó, kò tíì fẹ́ nǹkan kan. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín sí i. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ pé bóyá mi ò mọ̀ ni. Mo mọ̀. Àìmọ̀kan lẹ̀wù tó yẹ kí n fi bora, kò sì gba ọrùn mi.

Nígbà tí ìlú rọlẹ̀, a padà sílé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì jáde yunifásítì, Tèmilọlá, tí gbogbo wa ń pè ní Tèmi, wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi. “Dádì, Vusi fẹ́ fẹ́ mi.” Ẹ má wulẹ̀ wá ìdí ńlá fún ohun tó dé bá mi. Mi ò kórìíra ọmọ náà. Ọmọ-ọmọ ló ń bà mí lẹ́rù. Mo rí i lójú inú mi: ọmọ kékeré kan jókòó lórí ẹsẹ̀ mi, mo ń ṣe àwàdà tó gbé mi láti Iléṣà dé ibí, ó ń wò mí bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti pa ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó fi Súlù béèrè pé kí ni bàbá yìí ń wí. Torí ẹ̀rín ọmọ tí wọn ò tíì bí ni mo ṣe fẹ́ pa ẹ̀rín ọmọ tí mo bí. Ẹ sì wò ó, bàbá Monísọ́lá pàápàá kọ̀ mí nígbà kan, ó ní ọmọ òun ò ní fẹ́ ẹni tó ń fi ẹfun kun ojú jẹun. Èmi àti Monísọ́lá sá lọ fẹ́ ara wa ni. Ó yẹ kí n rántí. Mo rántí, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín sí ọmọ mi, mo ní kò burú. Kí ẹ̀rín yẹn tó kúrò létè mi, mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe.

Mo pe Màmá Zondi lórí fóònù, mo ní, “Ẹ ṣe é bí ẹ ṣe ń ṣe é nílé yín. Ọkọ ò gbọ́dọ̀ yọjú.” Inú rẹ̀ dùn, ó ní àna tó gbọ́n lòun ní. Mo wá sọ fún àwọn ará ilé mi pé, “Mo ti bá wọn sọ ọ́ o. Ọkọ máa wá dọ̀bálẹ̀, wọ́n ti gbà.” Mo sọ ọ́ sétí Oyèwọlé, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó ń gbé ní Pretoria, torí mo mọ̀ ọ́n: bí àṣà bá jẹ́ oúnjẹ, Oyèwọlé ò ní bù fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà yẹn ni Vusi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta fíìmù ní Hillbrow. “Bàbá, Tèmi ní kí n wá dọ̀bálẹ̀. Àwọn àbúrò bàbá mi ní bí mo bá dé ibẹ̀, mo ti dójú tì wọ́n. Eish, Bàbá, ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe ni màá ṣe.” Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọmọ náà fi ara rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Mo ní, “Ọmọ mi, jókòó sínú mọ́tò rẹ ní ilé epo tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa. Tó bá kan ìdọ̀bálẹ̀, màá pè ọ́. Má sọ fún Tèmi, jẹ́ kó bá a lójijì.” Ó ní, “Shap, Bàbá,” ìyẹn ni pé ó ti gbà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ mi.

Ọjọ́ pé. Àwọn àbúrò bàbá Vusi dúró ní géètì, wọ́n ń ki ìdílé wọn lóhùn rara. Oyèwọlé ní, “Àwọn wo nìyẹn, ṣé wọ́n ń ta kẹrosíìnì ni?” A ṣílẹ̀kùn fún wọn, wọ́n wọlé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, fìlà ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Tèmilọlá wà ní yàrá pẹ̀lú ìyá rẹ̀ bó ṣe yẹ kí ìyàwó wà, wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Oyèwọlé wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Àtàndá, ọkọ dà?” Fóònù sì ń gbọ̀n nínú àpò ṣòkòtò mi. Mo ní ẹ jẹ́ kí n pè é, mo bọ́ sẹ́yìn ilé. “Bàbá, ṣé ó ti yá?” ni Vusi wí. “Mo ti wọ kóòtù mi.” Mo ní kó ṣì ní sùúrù. Mo padà wọlé. Mo rẹ ojú mi sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lórí ìtàgé, mo sì dákẹ́. Ìdákẹ́ niṣẹ́ wa, ẹ̀yin tí ẹ ò ṣe é rí lẹ rò pé ọ̀rọ̀ ni. Mo wá fi Yorùbá sọ pé, “Mo bá a sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò lè dọ̀bálẹ̀ fún… ẹ ṣáà mọ orúkọ èébú tí wọ́n fi ń lé wa lọ́jọ́sí.” Mi ò pe orúkọ náà, torí àwọn àlejò wa máa dá a mọ̀. Mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, kálukú fi ẹnu inú ara rẹ̀ parí rẹ̀. Ẹnu ọmọ tó gbà wá lọ́wọ́ orúkọ yẹn ni mo ki orúkọ yẹn bọ̀. Àwọn àgbà Súlù ń mi orí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n rò pé àdúrà ni mò ń gbà. Láti inú yàrá, mo gbọ́ bí ẹnì kan ṣe jókòó lójijì, bí ẹrù tó já. Oyèwọlé dìde, ó ṣí ìlẹ̀kùn gbayawu. Mo fi òyìnbó sọ fún àwọn àlejò pé ọmọ wa ló yí ọkàn padà, kí wọ́n má bínú. Wọ́n dé fìlà wọn. Mo pe Vusi, ohun kan náà ni mo sọ fún un. Ó ní, “Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀?” Mo ní òun ni. Ó ní, “Ẹ ṣé, Bàbá.” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Tèmilọlá ju síìmù rẹ̀ nù. Nígbà tí Vusi wá kanlẹ̀kùn wa, mo ní Tèmilọlá ti lọ sí Nàìjíríà. Ó wà ní yàrá, ó dojú kọ ògiri.

Mo ń jẹun, mo ń sùn, mo ń gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lóde àríyá. Àfi ìgbà tó di ọdún 2010, tí gbogbo ìlú ń fun vuvuzela torí bọ́ọ̀lù, tí mo lọ ra bàtà ní Fourways. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù yọ sí mi láàárín èrò, ó wò mí, ó sì na ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja, àyà kan táìlì, ọwọ́ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn òyìnbó sá sẹ́yìn, ẹ̀ṣọ́ kan sáré wá, ó rò pé wọ́n yìnbọn ni. “Ẹ káàsán, sà,” ni ẹni tó wà nílẹ̀ wí, ní Yorùbá. Vusi ni. Mo ní, “Ta ló kọ́ ọ?” Ó ní, “Tèmi ló kọ́ mi. Lọ́jọ́ yẹn, mo ń ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò ní ilé epo, títí àwọn tó ń ta epo fi ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Mi ò fẹ́ ṣì í ṣe níwájú yín.” Ó gbọn kóòtù rẹ̀. “Mi ò wá rí ẹni ṣe é fún.” Obìnrin kan tó lóyún ń dúró dè é. Ó ní ìyàwó òun nìyẹn, kí n bá òun kí Tèmi, òun ò bínú.

Mi ò ra bàtà mọ́. Mo dé ilé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Monísọ́lá àti Tèmilọlá bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Monísọ́lá ní, “Bàbá mi kọ̀ yín lójúkojú, Bàbá Tèmi. Ẹ̀yin, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ ọlọ́mọ, ẹ sì ń kọ̀ ọ́ lẹ́yìn.” Tèmilọlá ò sunkún. Ó fi òyìnbó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé Vusi wà nínú mọ́tò yẹn ní gbogbo ìgbà tí òun wà ní yàrá? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dìde, ó lọ fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin bàbá tó ń kàwé mi, bí ẹ bá fẹ́ kọ àna, ẹ kọ̀ ọ́ ní gbangba kí ọmọ yín lè bá yín jà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí bàbá yín bá tètè rẹ́rìn-ín jù, ẹ lọ wo ilé epo.

Mo wá gba Soweto lọ. Màmá Zondi ṣílẹ̀kùn, mo dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ǹtì ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo jẹ́wọ́, mo bẹ̀ ẹ́. Ó dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn gùn ju tèmi lọ. Ẹnu mi ò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu: mo rí i pé mo tún ti ń ṣe bí ewúrẹ́ tó wọ takisí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró kí ewúrẹ́ náà parí. Ó ní, “Bàbá Tèmi, mi ò gbọ́ ọ̀kankan rí nínú àwàdà yín. Ẹ̀rù ló ń bà yín nígbà yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń rẹ́rìn-ín.”