“Máa Bọ̀” Ni Mo Wí, Kì Í Ṣe “Má Bọ̀”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Ǹ bá ṣì máa gbé e mọ́ra, àmọ́ wọ́n fẹ́ fún mi ní àmì-ẹ̀yẹ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, irọ́ ni mo sì fi bo ohun tó ṣẹlẹ̀ nídìí iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ torí ẹ̀ fún mi.

Èmi ni mo máa ń ṣètò ìjà nínú fíìmù. Ìjerò ni mò ń gbé. Èmi àti Fẹ́mi, ọ̀rẹ́ mi, la jọ bẹ̀rẹ̀. Fíìmù Íńdíà ló kọ́ wa. Nígbà tí a gbọ́ pé ìjọba Íńdíà máa ń fi àmì-ẹ̀yẹ dá ẹni tó ṣètò ìjà lọ́lá, Fẹ́mi ní, “Tiwa náà á dé.” Èmi a máa ṣètò, òun a máa bẹ́.

Lọ́jọ́ náà, à ń ya fíìmù ní Odò-Ọwá. Fẹ́mi yóò bẹ́ láti orí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọn ò tíì kọ́ parí, fóòmù ni yóò sì balẹ̀ lé. Kámẹ́rà ń rí etí fóòmù náà, ni wọ́n bá ń sún un. Oòrùn ti ń wọ̀. Dárẹ́kítọ̀ ń kanra pé bí ilẹ̀ bá ṣú, òun ò ní padà wá mọ́. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo. Fẹ́mi ń wò mí láti òkè, ó ń retí ọ̀rọ̀ ẹnu mi.

Fóòmù kò tíì dé ibi tó yẹ. Mo rí i. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní purọ́ mọ́, mo rí i. Mo rò pé wọ́n á ti sún un tán kó tó balẹ̀. Mo bá pariwo pé, “Máa bọ̀!” Ó sì bẹ́. Orí kọnkéré ló já sí.

Dárẹ́kítọ̀ yíjú sí mi. “Kí lo sọ fún un?”

Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, “Má bọ̀ ni mo wí, sà. Kò gbọ́ dáadáa ni.” Mo kàn gé ọ̀rọ̀ náà kúrú díẹ̀, ẹ̀bi sì kúrò lórí mi.

Ọ̀pá ni Fẹ́mi fi ń rìn báyìí. Èyí tó burú jù ni pé òun fúnra rẹ̀ gbà mí gbọ́. Ó lọ yẹ etí wò ní ọsibítù. Bí èèyàn bá bá a sọ̀rọ̀, á ní kó tún un sọ. Ìyá rẹ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní kí n má bínú pé ọmọ àwọn ba iṣẹ́ mi jẹ́, kí n má torí ẹ̀ sá fún ulé àwọn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mi ò bínú. Ẹ wo ìwà ìkà.

Mo ti lọ síbẹ̀ láti jẹ́wọ́. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, mo ní mo kàn yà kí wọn ni.

Bí Fẹ́mi ṣe bẹ́ lọ́jọ́ yẹn wà nínú fíìmù náà. Òun gan-an ló wú àwọn tó fẹ́ fún mi lẹ́bùn lórí.

Lánàá, Fẹ́mi wá bá mi. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ní òun á tẹ̀ lé mi lọ. Ó ní tí wọ́n bá gbé makirofóònù fún mi, kí n jẹ́ kóun gbà á díẹ̀, òun fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi lójú gbogbo ènìyàn, nítorí etí òun. Mo ní kò burú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá sọ ọ́ kí Sátidé tó dé, mi ò mọ̀ bóyá yóò tún wo ojú mi mọ́ láéláé. Tí mi ò bá sì sọ ọ́, òun ni yóò bẹ̀ mí.